Ẹ Má Ṣe Bá Mi Di Ẹsẹ̀ Ẹnikẹ́ni Mú

Ẹ̀ẹ̀mẹta nìyí lóṣù yìí tí wọ́n ní àwọn fẹ́ bá mi di ẹsẹ̀ obìnrin mú kí n lè yẹ abẹ́ rẹ̀ wò. Èyí tó kẹ́yìn, màmá kan ló mú ìyàwó ọmọ wọn wá bá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Bí mo ṣe ní kí obìnrin náà sùn kí n yẹ̀ ẹ́ wò lábẹ́, ó gan. Ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ká kò, ó fún etí ìró rẹ̀ mọ́wọ́. Màmá dìde: "Nọ́ọ̀sì, ọkọ ọ̀run ló ń dà á láàmú. Ẹ jẹ́ kí n bá yín di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú."

Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n lọ jókòó níta.

Ọkọ ọ̀run wo? Obìnrin tí wọ́n ti fipá bá lò rí, tàbí tí wọ́n fọwọ́ líle gbẹ̀bí rẹ̀, ara rẹ̀ kì í gbàgbé. Bí ọwọ́ bá ti kan itan rẹ̀, iṣan abẹ́ lè fún pọ̀ láìjẹ́ pé ó fẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá fipá sí i, ṣe ni yóò tún fún sí i.

Ogún ọdún ni mo ti fi ṣe iṣẹ́ agbẹ̀bí, mi ò sì fipá yẹ ẹnikẹ́ni wò rí. Irin tí a fi ń yẹ abẹ́ wò ní kékeré, ó ní ńlá. Kékeré ni mo kọ́kọ́ ń mú, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni mo sì fi ń lé òtútù ara irin náà. Mo máa ń sọ kí n tó fọwọ́ kàn yín, mo sì máa ń dúró gbọ́ èsì. Bí ẹ bá fẹ́ fi ẹ̀gbẹ́ sùn, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ sùn. Bí ẹ bá fẹ́ fọwọ́ ara yín ti irin náà wọlé, mo gbé e fún yín. Ẹ nawọ́ sókè, mo ti dáwọ́ dúró, ì báà ku díẹ̀ kí n parí.

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi tí ẹ ń bi àwọn obìnrin pé "ṣé kì í ṣe ibẹ̀ náà lẹ gbà lóyún?", ẹ gbọ́ eléyìí. Obìnrin kan tó ń tajà ní Tákíé níbí, nọ́ọ̀sì kan ló gbá a nítan lórí bẹ́ẹ̀dì àyẹ̀wò. Kò dé ọsibítù kankan mọ́. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dà lára rẹ̀ lẹ́yìn ìbálòpọ̀, elégbòogi kan ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, ó gún oògùn fún un tí yóò máa kì sábẹ́. Ọdún méjì ló fi kì í. Jẹjẹrẹ ọrùn ilé ọmọ ni! Kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní HPV ló ń fà á, ó sì sábà máa ń lò tó ọdún 10 sí 20 kó tó di jẹjẹrẹ. Ní gbogbo àkókò yẹn, àyẹ̀wò lè rí i kó tó di jẹjẹrẹ: òwú tí a rẹ sínú omi kíkan bíi fínígà la fi ń kan ọrùn ilé ọmọ. Láàárín ìṣẹ́jú kan, ibi tó bá fẹ́ bàjẹ́ á funfun, a ó sì tọ́jú rẹ̀.

Nígbà tó wá dọ́dọ̀ mi, ẹ̀jẹ̀ ti rin ìró rẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Àǹtí nọ́ọ̀sì, ẹ ò ní gbá mi, àbí?"