Bí a ṣe ń so ipa ọ̀nà ìgbafẹ́ pọ̀ yí Òṣogbo ká

Ìsokọ́ra ipa ọ̀nà ìgbafẹ́, èyí tó wà fún ẹlẹ́sẹ̀ àti ẹni tó gun kẹ̀kẹ́, tí ọkọ̀ àti ọ̀kadà kò gbọdọ̀ gbà, kì í bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú katakata tó ń la igbó. Ohun tó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni a kọ́kọ́ ń wò. Láàrin Òṣogbo, Ìlobùú àti Ẹdẹ, ọ̀nà oko ti wà kí ọ̀nà ọ̀dà tó dé. Àwọn olùṣètò a fi ẹsẹ̀ rìn wọ́n, wọn a bi àgbẹ̀ àti ọdẹ léèrè ibi tí odò ti ń kún, wọn a sì fi fóònù gba ipa náà sórí máàpù.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló tẹ̀ lé e. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá bá àwọn ẹbí tó ń dá oko níbẹ̀ sọ̀rọ̀ yóò bá ẹ̀gẹ́ lójú ọ̀nà rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Ọ̀nà tó bá ti Òṣogbo dé Ìlobùú kọjá ìjọba ìbílẹ̀ kan, nítorí náà ìgbìmọ̀ àpapọ̀ ni a nílò. Igbó Ọ̀ṣun ní tirẹ̀ yàtọ̀: nǹkan bí hẹ́kítà 75 ni, ó sì ti wà lára ogún àgbáyé UNESCO láti ọdún 2005. Ojúbọ ni pẹ̀lú. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ó tọ́ kí ipa ọ̀nà tuntun gbà.

Omi gan-an ni ọ̀tá ọ̀nà. Àgbàrá òjò kò ní òun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un, bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀. Bí ọ̀nà bá gun òkè tààrà, òjò ọdún kan péré lè sọ ọ́ di kòtò. Nítorí náà ni a ṣe ń gbẹ́ ẹ gba ẹ̀gbẹ́ òkè, kí ìgasókè rẹ̀ má ju ìdajì ìdagẹ̀ẹ̀rẹ̀ òkè náà lọ, kí ó má sì sábà ju mítà 1 lọ nínú mítà 10. A ó jẹ́ kí ojú rẹ̀ dagẹ̀ẹ̀rẹ̀ díẹ̀ sí apá ìsàlẹ̀ òkè kí omi lè rékọjá. A ó sì jẹ́ kí ó máa rì, kí ó máa ga lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí àgbàrá má lè rí ojú ọ̀nà sáré lé. Afárá kékeré dára jù ní kọnkéré, nítorí ikán.

Kọnkéré náà ló yẹ fún òpó àmì, torí irin lè tètè dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ra àlòkù. Ní ti ọlọ́kadà, ibi tí kẹ̀kẹ́ bá gbà ni ọ̀kadà náà máa fẹ́ gbà; ọ̀nà tó lọ́, tí kò sì yá ju títì lọ, ló ń lé wọn ju òpó ìdènà lọ.

Ìlú kọ̀ọ̀kan ló ń bójú tó apá tirẹ̀, nípa ọ̀wẹ̀ tàbí owó iṣẹ́, torí eèsún a máa bo ọ̀nà láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lásìkò òjò. Ìgbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni olùtọ́jú ń lọ tòun ti ọkọ́ rẹ̀, torí ìgbà náà ni omi tó dúró ń fi ibi tó ti bàjẹ́ hàn án.