Àtúngbìn ni ẹ máa pè é, ẹ yé pè é ní àtúnṣe

Ẹni tó bá ń ka ìròyìn họ́kì orí yìnyín lédè wa yóò ti rí i pé ẹgbẹ́ NHL, líìgì họ́kì ńlá ti Amẹ́ríkà àti Kánádà, kì í tíì fìdí rẹmi fún sáà méjì tí wọn ó ti ní ó wà nínú "àtúnṣe", ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "rebuild". Ọ̀rọ̀ náà ń bí mi nínú. Ohun tí a bá tún ṣe, òun náà la ó padà lò. Ẹgbẹ́ tí à ń sọ yìí kò ní in lọ́kàn láti lo àwọn eléré ọwọ́ rẹ̀ mọ́, ó ń wá ẹni tí yóò gbà wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Bí ẹ bá pe èyí ní àtúnṣe, kí lẹ fẹ́ pè é nígbà tó bá jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá nìkan ni wọ́n pààrọ̀?

Àwọn kan kúkú ń kọ "ríbíìdì". Wọ́n fi àmì ohùn sí i lórí, wọ́n rò pé ó ti di Yorùbá nìyẹn. Mi ò kórìíra ọ̀rọ̀ àyálò o. Họ́kì fúnra rẹ̀ àyálò ni, líìgì náà àyálò ni, ẹnikẹ́ni ò sì bá wọn jà. Àmọ́ ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kò ní rí nǹkan kan dì mú nínú ríbíìdì, ẹni tó sì gbọ́ ọ kò nílò rẹ̀.

"Àtúnkọ́" ló sàn díẹ̀, òun sì ni àwọn ọ̀mọ̀wé inú wa ń gbèjà. Wọ́n ní bí àwọn elédè ṣe sọ ọ́ gan-an nìyẹn. Ohun tí mo fi kọ̀ ọ́ gan-an nìyẹn pẹ̀lú. Ẹni tó ń kọ́lé mọ iye búlọ́ọ̀kù tí òun yóò rà, àwòrán ilé sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀. Kò sí olùdarí ẹgbẹ́ họ́kì kan tó ní irú àwòrán bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń gbà sọ́wọ́ ni ẹ̀tọ́ láti yan ọmọ ọdún 18 kan tí ẹnikẹ́ni ò tíì mọ orúkọ rẹ̀, ní yíyàn ọdún tó ń bọ̀ tàbí ti èyí tó tẹ̀ lé e. Yíyàn ni ètò ọdọọdún tí àwọn ẹgbẹ́ ti ń mú ọ̀dọ́ eléré lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nítorí náà, àtúngbìn ni mo ń pè é. Ẹ wo àgbẹ̀ tí oko kòkó rẹ̀ ti gbó. Igi mélòó kan ṣì ń so dáadáa, ṣùgbọ́n wọn ò lè kó oko yọ. Aládùúgbò rẹ̀ ń wá èso tí yóò ká lọ́dún yìí gan-an. Ó bá kó àwọn igi rere wọ̀nyẹn lé e lọ́wọ́, ó sì gba irúgbìn dípò wọn. Láti ọjọ́ náà, aládùúgbò ń kórè, òun ń roko. Irúgbìn mìíràn kò ní hù rárá. Òmíràn á hù, kòkòrò á jẹ ẹ́. Èyí tí kò tilẹ̀ kà sí lè wá so ju gbogbo rẹ̀ lọ.

Ohun tí Chicago Blackhawks ṣe nìyẹn. Ní oṣù Keje ọdún 2022, wọ́n fi Alex DeBrincat ránṣẹ́ sí Ottawa. Ọmọ ọdún 24 ni, góólù 41 ló sì gbá wọlé ní sáà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí. Kí ló bàjẹ́ lára irú eléré bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fẹ́ tún ṣe? Ipò yíyàn ni wọ́n gbà. Ní ìparí oṣù Kejì ọdún 2023, ó kan Patrick Kane, ẹni tó bá wọn gba ife-ẹ̀yẹ Stanley, ife tí ẹgbẹ́ tó bá borí NHL ń gbà, lẹ́ẹ̀mẹta. Ìwé àdéhùn rẹ̀ fún un láṣẹ láti kọ̀, òun fúnra rẹ̀ ló mú New York Rangers. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹfà, àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ yàn nínú gbogbo ẹgbẹ́ 32, wọ́n sì mú Connor Bedard. Ẹgbẹ́ méjì ló burú jù wọ́n lọ ní sáà náà o. Tẹ́tẹ́ tó ń ṣe ojúrere sí àwọn ẹgbẹ́ tó burú ni NHL fi ń pín ipò àkọ́kọ́, ẹni tó gbẹ̀yìn pátápátá kò sì ní ju ìdá 25.5 nínú ọgọ́rùn-ún lọ láti rí i gbà.

Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ yé kọ ọ́ pé wọ́n "ta" eléré. Inú bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá ni wọ́n ti ń fi owó ra ènìyàn. Níbí, eléré ni wọ́n fi ń gba eléré tàbí ipò yíyàn, pàṣípààrọ̀ sì ni orúkọ rẹ̀. Ibi tí owó ti wọ̀ ọ́ ni gbèdéke: láti ọdún 2005 ni líìgì ti fi òté lé iye tí ẹgbẹ́ lè ná sórí àwọn eléré rẹ̀. Ẹgbẹ́ tó ń tún ara rẹ̀ gbìn lè gbà láti máa san tó ìdajì owó ẹni tó ti lọ, kí ẹni tó gbà á lè ráyè fún un lábẹ́ gbèdéke, kí irúgbìn tó ń bọ̀ sì lè pọ̀ sí i. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023, San Jose Sharks gbé Erik Karlsson fún Pittsburgh, wọ́n sì gbà láti máa san díẹ̀ nínú owó rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba àmì-ẹ̀yẹ Norris tí wọ́n ń fún ẹlẹ́yìn tó dára jù ni. Sáà tó tẹ̀ lé e, ìdíje 19 péré ni Sharks borí nínú 82. Wọ́n gbẹ̀yìn líìgì, wọ́n sì mú Macklin Celebrini ní ipò àkọ́kọ́.

Àwọn kan á ní kí n ya ẹgbẹ́ tó pààrọ̀ eléré méjì-mẹ́ta sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó kó gbogbo wọn lọ. Ìyẹn ò kàn mí. Àwọn olùdarí ló ń fi ìyàtọ̀ yẹn tu alátìlẹ́yìn lójú.

Èyí tó ń ti àtúnkọ́ lẹ́yìn jù nínú àwọn ọ̀mọ̀wé inú wa fi Buffalo Sabres kò mí lójú. Ó ní láti 2011 títí di 2025, sáà 14 gbáko, wọn ò dé abala àṣekágbá tí àwọn ẹgbẹ́ ti ń du ife Stanley, bẹ́ẹ̀ sì ni wọ́n mú Jack Eichel ní 2015, Rasmus Dahlin ní 2018, Owen Power ní 2021. Ó ní bó bá jẹ́ pé gbígbìn ni, ìkórè dà? Eichel hù, ó sì so. Buffalo ló fi í ṣe pàṣípààrọ̀ ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021, Vegas ló sì gba ife Stanley pẹ̀lú rẹ̀ ní 2023. Báwo ni ọ̀gá alátùúnkọ́ ṣe fẹ́ sọ ìyẹn lédè tirẹ̀? Wọ́n kọ́lé tán, ilé dìde, ó kó lọ sí Vegas?