Àgádágodo Ẹnìkọ̀ọ̀kan: Bí Ẹ̀rọ Ìṣeré Ṣe Ń Pa Ẹni Tó Ń Tọ́jú Rẹ̀

Lásìkò ọdún ní Adó-Èkìtì, tí wọ́n bá ti gbé ẹ̀rọ ìṣeré kalẹ̀ sórí pápá, ara ọmọ tó gun ẹ̀rọ ni ojú gbogbo èèyàn máa ń wà. Ìyá rẹ̀ á tún bẹ́líìtì rẹ̀ fà, bàbá rẹ̀ á máa yà á ní fọ́tò. Ta ló ń wo ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń gba tíkẹ́ẹ̀tì, tó ń tẹ bọ́tìnì, tó tún ń sáré wọ abẹ́ ẹ̀rọ lọ mú bàtà tó já bọ́? Ọmọ tó gun ẹ̀rọ ò ní lò ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ níbẹ̀, orí ìjókòó tí wọ́n ṣe fún èèyàn ló sì wà, irin gbá a mú lọ́tùn-ún lósì. Òṣìṣẹ́ ní tirẹ̀ wà nídìí ẹ̀rọ láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, iṣẹ́ rẹ̀ ló sì ń gbé e dé ibi tí wọn ò ṣe fún èèyàn rárá: abẹ́ pèpéle, ẹ̀yìn ògiri, ibi tí bẹ́líìtì mọ́tò ti ń ká mọ́ púlì.

Ọ̀nà tí ikú ń gbà wọlé síbẹ̀ ò pọ̀. Ó lè jẹ́ pé nǹkan tó ń yí ló fún èèyàn mọ́ nǹkan tó dúró, ó lè jẹ́ pé ọkọ̀ orí irin ló gbá a, ó sì lè jẹ́ pé òkè ló ti já bọ́. Èyí àkọ́kọ́ ló máa ń ya èèyàn lẹ́nu jù, torí pé kò nílò eré sísá. Ní ọjọ́ 8 oṣù Keje ọdún 1974, òṣìṣẹ́bìnrin ẹni ọdún 18 kan kú bẹ́ẹ̀ ní Disneyland, ní Kalifóníà. Gbọ̀ngàn eré tí wọ́n ṣí ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà ọdún náà ni. Ìjókòó òǹwòran ló ń yí po níbẹ̀, tí ìtàgé sì dúró sójú kan. Àlàfo tó wà láàárín ògiri tó ń yí àti ògiri tó dúró ló há sí. Ẹ̀yìn náà ni wọ́n tó fi iná ìkìlọ̀ síbẹ̀, tí wọ́n sì tún ògiri náà ṣe lọ́nà tó fi lè yẹ̀ bí èèyàn bá há sí i.

Àwọn tó ń lọ ata ní Ọjà Ọba mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Bẹ́líìtì tó bá wọ́ ìró oníbàárà lọ kò sáré ju bó ṣe ń sá láti àárọ̀. Ẹ́ńjìnnì ni kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ata àti aṣọ.

Ikú kan ní Walt Disney World, ní Florida, tún fi ibòmíràn hàn wá. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì ọdún 1999, òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó ẹni ọdún 65 kan ń gbálẹ̀ lórí pèpéle tí àwọn ọkọ̀ orí wáyà ti ń gbéra. Ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ ò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, ó bá tan ẹ̀rọ. Ọkọ̀ kan dé bá bàbá náà, bàbá dì mọ́ ọkọ̀, ọkọ̀ gbé e kúrò lórí pèpéle, bàbá sì já bọ́. Ilẹ̀ gbígbá ni wọ́n gbà á fún, ilẹ̀ náà ló sì ń gbá. Gbogbo ètò ààbò tó wà fún irú iṣẹ́ yìí ló ń sáré tẹ̀lé ìbéèrè kan ṣoṣo: ẹni tó fẹ́ tan ẹ̀rọ, báwo ló ṣe máa mọ̀ pé kò séèyàn nínú ẹ̀? Ìdáhùn tó dáa jù ni pé kó má tilẹ̀ lè tàn án, ì báà mọ̀, ì báà má mọ̀.

Ní Èkìtì, ẹlòmíràn tún wà tó lè tan ẹ̀rọ láìsí nítòsí: NẸ́PÀ. (Orúkọ ti yí padà, BEDC ló ń pín iná fún Èkìtì báyìí, àmọ́ NẸ́PÀ lẹnu ṣì ń pè.) Ẹ̀rọ tó bá jẹ́ súìṣì lásán ló ní, irú èyí tí wọ́n ń gbé sókè gbé sódò, kì í mọ̀ pé iná ti lọ. Bí wọ́n ṣe tàn án sílẹ̀ ló máa wà. Ká ní iná lọ ní aago méjì ọ̀sán. Ẹ̀rọ dúró, àwọn ọmọ sọ̀ kalẹ̀, ọmọṣẹ́ rí i pé ọwọ́ dilẹ̀, ó mú agolo gírísì, ó wọ abẹ́ ẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn náà, gbogbo àdúgbò ké “Ọ́ọ̀pù NẸ́PÀ!” Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan súìṣì. Ẹ̀rọ ti ń yí.

Ohun tó yẹ kó wà láàárín iná àti mọ́tò ni kọ̀ńtákítọ̀. Òòfà kan wà nínú rẹ̀ tó jẹ́ pé iná fúnra rẹ̀ ló ń fún un lágbára. Tí èèyàn bá tẹ bọ́tìnì aláwọ̀ ewé, òòfà náà á fa irin mọ́ra, iná á sì rí ọ̀nà kọjá sí mọ́tò. Tí iná bá lọ, agbára òòfà tán nìyẹn, sípíríǹgì á ta irin náà padà, ẹni tó bá wà nítòsí á gbọ́ ọ, “kọ́!” Lẹ́yìn ìyẹn, iná ì báà dé lẹ́ẹ̀mẹwàá, mọ́tò ò ní yí àfi kí ẹnì kan tún fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ bọ́tìnì.

Àmọ́ kọ̀ńtákítọ̀ máa ń jóná, pàápàá níbi tí iná ti ń fò sókè fò sódò. Tó bá wá jóná ní ọjọ́ kejì Kérésì, tí èrò ti tò lọ rẹrẹẹrẹ, oníṣẹ́ iná á ní kí wọ́n jẹ́ kí òun fún un ní dáírẹ́ẹ̀tì. Á so wáyà tó ń wọlé mọ́ èyí tó ń jáde, eré á bẹ̀rẹ̀, wọ́n á yìn ín, wọ́n á fún un lówó ọtí. Láti ìgbà náà lọ, ọwọ́ NẸ́PÀ ni ẹ̀rọ yẹn wà.

Bọ́tìnì pupa tó wà lórí tábìlì ọ̀pìrétọ̀ ò lè yanjú èyí. Ó wúlò fún pàjáwìrì, àmọ́ ẹnikẹ́ni ló lè yí i padà. Ẹni tó bá fẹ́ wọ inú ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ lọ sídìí súìṣì àgbà, kó gé iná níbẹ̀, kó wá fi àgádágodo tì í kó má lè gòkè mọ́. Á so páálí kékeré kan mọ́ ọn, tó ní orúkọ rẹ̀ àti aago tó wọlé. Kọ́kọ́rọ́ á wọ àpò rẹ̀. Ó wá ku ohun kan tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò: á padà sídìí bọ́tìnì aláwọ̀ ewé, á tẹ̀ ẹ́. Bí ẹ̀rọ bá mira pẹ́nrẹ́n, súìṣì tí kì í ṣe ti ẹ̀rọ yẹn ló lọ tì. Níbi tí NẸ́PÀ àti jẹnẹrétọ̀ sì ti ń pàdé lẹ́nu chéńjì-óvà, àárín ló gbọ́dọ̀ gbé e sí kó tó tì í, kó má baà jẹ́ pé ó sá fún NẸ́PÀ kó sọ́wọ́ jẹnẹrétọ̀.

Kí ló dé tí àgádágodo kan ò fi tó fún èèyàn mẹ́ta? Ẹni tó bá ti rí àpótí owó ẹgbẹ́ láyé àwọn bàbá wa á mọ̀ ọ́n: àgádágodo mẹ́ta, kọ́kọ́rọ́ ọ̀kan lọ́wọ́ alága, ọ̀kan lọ́wọ́ akọ̀wé, ọ̀kan lọ́wọ́ akápò. Àpótí ò ní ṣí àfi tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pé. Bẹ́ẹ̀ náà ni níbí. Irin pẹlẹbẹ kan wà tó ní ihò mẹ́fà, òun ni wọ́n ń kọ́ mọ́ súìṣì. Ẹni tó fẹ́ fi gírísì sí ẹ̀rọ á ti tirẹ̀ mọ́ ọn, ẹni tó fẹ́ gbálẹ̀ á ti tirẹ̀. Onígírísì ṣe tán, ó ṣí tirẹ̀ lọ. Ti agbálẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, iná ò lè wọlé. Kọ́kọ́rọ́ kejì ò gbọ́dọ̀ sí lọ́wọ́ ọ̀gá. Bí agbálẹ̀ bá gbàgbé, tó gbé kọ́kọ́rọ́ lọ sílé ní Ìkẹ́rẹ́, ẹ̀rọ á dúró títí wọ́n á fi pè é, tí wọ́n á fi gbọ́ ohùn rẹ̀ pé òun ti délé, tí wọ́n á sì yẹ abẹ́ ẹ̀rọ wò, kí wọ́n tó fi ayùn gé àgádágodo náà. Ó ń gba àkókò, ó sì ń bí ọ̀gá nínú. Ní Amẹ́ríkà, ọdún 1989 ni OSHA, àjọ ìjọba tó ń rí sí ààbò òṣìṣẹ́, sọ ọ́ di òfin fún àwọn iléeṣẹ́. Ìṣirò tiwọn ni pé títẹ̀lé e ń dènà ikú bí 120 àti ìfarapa bí 50,000 lọ́dún. Àgádágodo ni o, kì í ṣe kọ̀ǹpútà.

“Mo wà lábẹ́ ibí o!” kì í ṣe àgádágodo. Ariwo jẹnẹrétọ̀ wà níbẹ̀, ti spíkà tó ń lu orin wà níbẹ̀, ti ọgọ́rùn-ún ọmọ tó ń ké wà níbẹ̀.

Iná nìkan kọ́ ló sì ń yí ẹ̀rọ. Ẹ wo kẹ̀kẹ́ ńlá tó ń gbé àwọn ọmọ lọ sókè. Tí ọmọ mẹ́rin bá ti sọ̀ kalẹ̀ lápá ọ̀tún, tí mẹ́rin ṣì jókòó lápá òsì, apá òsì á máa wá ọ̀nà ìsàlẹ̀ ni, búréèkì nìkan ló sì dá a dúró. Ẹni tó bá tú búréèkì náà láti tún un ṣe, tí kò kọ́kọ́ fi irin gbọọrọ há kẹ̀kẹ́ náà, òun fúnra rẹ̀ ló tan ẹ̀rọ, láìsí iná, láìsí jẹnẹrétọ̀. Bákan náà ni ti ọkọ̀ tó dúró sórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ àti afẹ́fẹ́ tó há sínú páìpù. Wọ́n gbọ́dọ̀ tú afẹ́fẹ́ yẹn dànù títí tí kò fi ní dún “fíì” mọ́.

Bó bá wá ṣẹlẹ̀ ńkọ́? Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gé iná, tí wọ́n sì ti gbé ẹni náà dé ilé ìwòsàn, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Bí súìṣì ṣe wà, lókè àbí nísàlẹ̀, ẹ̀rí ni. Wáyà dáírẹ́ẹ̀tì, ẹ̀rí ni. Àgádágodo tí kò sí níbẹ̀ náà, ẹ̀rí ni. Ọlọ́pàá á wá. Àyẹ̀wò òkú á sọ bóyá iná ló gbé e tàbí irin ló gbá a, ẹni tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì máa bá wí lè yàtọ̀ síra. Ibẹ̀ ni ìdílé sábà máa ń kọ̀ jálẹ̀, pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi ọ̀bẹ kan òkú àwọn, pé ọwọ́ ayé wà nínú ẹ̀. Ọwọ́ ayé lè wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ayé kọ́ ló so wáyà dáírẹ́ẹ̀tì.

Òfin méjì ló kàn án. Factories Act ní kí wọ́n sọ fún olùbẹ̀wò ìjọba àpapọ̀ kíákíá bí ikú bá ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti ń ṣe ọjà, tàbí tí wọ́n ti ń tún un ṣe, ni òfin náà ń wò, agbẹjọ́rò méjì sì lè jiyàn mọ́jú lórí bóyá ọgbà ìṣeré wà nínú ẹ̀. Èyí tí kò ní àríyànjiyàn ni Employees' Compensation Act ti ọdún 2010, òfin owó ìtanràn fún òṣìṣẹ́ tó bá farapa tàbí tó kú lẹ́nu iṣẹ́, tí NSITF, àjọ ìjọba àpapọ̀, ń bójú tó. Agbanisíṣẹ́ ló ń san náírà kan nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo owó oṣù tó ń san sápò àjọ náà, kò sì gbọdọ̀ yọ kọ́bọ̀ nínú owó òṣìṣẹ́ fún un. Òfin yìí ò bi èèyàn ní lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́. Àdéhùn ẹnu tó. Ọmọṣẹ́ wà nínú rẹ̀, ẹni tí wọ́n gbà fún ọ̀sẹ̀ ọdún nìkan náà wà nínú rẹ̀.

Ìdílé ní ọjọ́ 14 láti fi tó agbanisíṣẹ́ létí, agbanisíṣẹ́ ní ọjọ́ 7 láti fi tó NSITF létí, ọdún kan sì ni wọ́n fi sílẹ̀ fún kíkọ̀wé béèrè owó. Bí olóògbé bá fi ìyàwó àti ọmọ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sílẹ̀, ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀ ni wọ́n á máa gbà lóṣooṣù. Bó bá jẹ́ ọmọ kan, ìdá 85. Ẹni tó ń gba 70,000 náírà, tó jẹ́ owó oṣù tó kéré jù lábẹ́ òfin láti ọdún 2024, ó di 63,000 tàbí 59,500. Ti ọmọ á máa lọ títí tó fi pé ọdún 21 tàbí tó parí yunifásítì, èyíkéyìí tó bá yá. Owó ìsìnkú tí ọ̀gá gbé wá nínú àpò ìwé, tòun ti àwọn àgbààgbà tó bá a wá, kì í ṣe owó yìí. Ìwé tí àwọn ọ̀gá kan sì máa ń mú òṣìṣẹ́ fọwọ́ sí lọ́jọ́ tó wọṣẹ́, pé ohunkóhun tó bá ṣe òun, òun ò ní béèrè, kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ lójú òfin náà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń há ni ẹ̀rí owó oṣù, torí pé láti ara rẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣírò ìdá 90 náà. Níbi tí wọn kì í ti í fún èèyàn ní ìwé owó oṣù, álààtì báńkì tó wà lórí fóònù olóògbé ló máa kù, àti ọ̀rọ̀ WhatsApp tí ọ̀gá fi ń pè é wá síṣẹ́. Àpò ṣòkòtò rẹ̀ ni fóònù yẹn máa wà lọ́jọ́ náà. Ilé ìwòsàn tàbí ọlọ́pàá ni wọ́n á ti béèrè rẹ̀, tòun ti síìmù inú rẹ̀, kí àbúrò kan tó fọ́máàtì ẹ̀ láti máa lò ó.