Ẹ Má Yọ Orúkọ Server Kúrò Lójú Shell Yín

Àwọn ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ àbójútó server (ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ fún àwọn ẹ̀rọ mìíràn) lọ́dọ̀ mi tún ti ń fi shell (ojú ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ fún ẹ̀rọ) aláràbarà hàn mí. Àwòrán penguin wà níbẹ̀, ojú ọjọ́ wà níbẹ̀, bátìrì náà ò gbẹ́yìn. Mo ní, "Server wo lẹ wà báyìí?" Ẹnu wọn wọhò. Wọ́n ti yọ orúkọ ẹ̀rọ kúrò torí kó lè rẹwà.

Mi ò ní kí ẹ má ṣe shell yín lọ́ṣọ̀ọ́. Ẹ ṣí .bashrc, fáìlì ètò bash (shell tí ọ̀pọ̀ Linux ń lò), ẹ kọ alias (orúkọ kúkúrú fún àṣẹ gígùn) yín síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí HISTSIZE, iye àṣẹ tí bash ń rántí, ju 500 tí bash ń fún yín lọ, ẹ fi HISTTIMEFORMAT sí i kí history, àkọsílẹ̀ àṣẹ tí ẹ ti tẹ̀, lè máa sọ ọjọ́ àti aago. Ìyẹn ti tó. PS1 ló ká mi lára.

PS1 ló ń pinnu ohun tí bash yóò kọ síwájú yín kí ẹ tó tẹ àṣẹ. \u ni orúkọ tí ẹ fi wọlé, \h ni orúkọ ẹ̀rọ, \w ni fódà tí ẹ wà. Ẹ ò gbọdọ̀ yọ ọ̀kankan nínú wọn. Lórí server tí oníbàárà ń lò, ẹ kun \h ní pupa, báyìí: \[\e[31m\]\h\[\e[0m\]. Ẹ má gbàgbé \[ àti \] wọ̀nyẹn o! Láìsí wọn, bash á ka kóòdù àwọ̀ mọ́ lẹ́tà, ìlà gígùn á sì máa gorí ara wọn. Níbẹ̀ ni mo ti ń dá ẹni tó kàn da nǹkan kọ mọ̀.

Ní ọjọ́ 31 oṣù kìíní ọdún 2017, ẹnjiníà kan ní GitLab, ilé-iṣẹ́ tí àwọn ènìyàn ń kó kóòdù wọn pamọ́ sí, fẹ́ pa fódà database (àkójọ dátà) rẹ́ lórí db2, server àdàkọ wọn. Àṣé db1 ló wà, èyí tí gbogbo ayé ń lò. Kó tó rí i, kó sì dá a dúró láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, nínú nǹkan bíi 300 GB, bíi 4.5 GB ló ṣẹ́ kù. Wọ́n sá lọ sídìí backup (ẹ̀dà ìpamọ́), backup ojoojúmọ́ ti ń kùnà, ẹnì kankan ò mọ̀. Ẹ̀dà tí ẹnì kan ti fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ní wákàtí 6 ṣáájú ni wọ́n fi gbé e dìde, iṣẹ́ wákàtí 6 yẹn sì ṣòfò. Nígbà tí wọ́n to àtúnṣe tí wọn yóò ṣe, PS1 wà nínú rẹ̀: kí ó máa fi ìyàtọ̀ server kan sí òmíràn hàn kedere. Àgbà iṣẹ́ ni wọ́n o, ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ wá ní ẹ ò nílò rẹ̀.

Àwọn tó ń sọ pé sudo (àṣẹ tó ń fún yín lágbára ọ̀gá ẹ̀rọ, ìyẹn root) àti chmod 777 (tó ń ṣí fáìlì sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn) ló ń wo gbogbo àìsàn Linux, irọ́ ni wọ́n ń pa fún yín. Èyí tó wá burú jù ni curl (àṣẹ tó ń gbé fáìlì wá látorí íńtánẹ́ẹ̀tì) tí wọ́n ń dà tààrà sínú sudo bash láìka ohun tó wà nínú rẹ̀, nítorí àwọ̀ shell lásán. Ẹni tí ẹ ò mọ̀ rí ni ẹ gbé root fún yẹn! Ẹ fi curl -o gbé e sílẹ̀ ná, ẹ fi less kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìlà tí kò bá yé yín, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n kí ẹ tó tẹ Enter.