Kí Ló Dé Tí Koríko Tútù Tí A Dì Pa Kì Í Jẹrà?

Ní Òkè-Ògùn, tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú, ewúrẹ́ àti àgùntàn á bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Èèsún ti gbẹ, iná ìgbẹ́ sì ti jó èyí tó kù. Ohun tó ń dùn mí ni pé èèsún yìí kan náà ga ju èèyàn lọ nígbà òjò, a kò sì pa nǹkan kan mọ́ nínú rẹ̀. Àwọn tó ń sin ẹran máa ń bi mí léèrè nípa sáílẹ́èjì, ìyẹn koríko tútù tí a jẹ́ kó kan kó má bàa bàjẹ́. Díẹ̀ nínú ìbéèrè wọn nìyí.

Tí mo bá kó koríko tútù jọ sẹ́yìn ilé, kò ní pé ọjọ́ mẹ́ta tí á fi gbóná tí á sì máa rùn. Báwo wá ni tinú àpò ṣe ń wà fún oṣù mẹ́fà?

Ẹ rántí ògì. A rẹ àgbàdo, a lọ̀ ọ́, a sẹ́ ẹ, lọ́jọ́ kejì tàbí ìkẹta omi rẹ̀ ti kan. Ìyá ológì kò fi nǹkan kan sí i. Bakitéríà tó ti wà lára àgbàdo ló jẹ ṣúgà inú rẹ̀, tó sọ ọ́ di ásíìdì. Ọ̀kan nínú wọn, Lactobacillus plantarum, wà lára koríko náà, iṣẹ́ kan náà ló sì ń ṣe níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ibi tí afẹ́fẹ́ kò sí ni agbára wọn wà. Koríko tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé kò tíì kú, ó ṣì ń mí. Bó ṣe ń mí ló ń jó ṣúgà ara rẹ̀, ìyẹn ló fà á tí òkìtì ẹ̀yìn ilé yẹn fi ń gbóná. Níwọ̀n ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá ń wọlé, ṣúgà á tán, koríko á bu, á jẹrà. Tí a bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa tí a sì dé e pa, koríko fúnra rẹ̀ á lo ìwọ̀nba afẹ́fẹ́ tó kù tán láàárín wákàtí díẹ̀. Ìgbà yẹn ni àwọn bakitéríà tó ń sọ ṣúgà di ásíìdì á gba ilé. Ìwọ̀n pH rẹ̀, ìyẹn òṣùwọ̀n kíkan tó jẹ́ pé bó bá ṣe kéré tó ni nǹkan ṣe kan tó, á wá láti bíi 6 sí bíi 4, èyí tó ń mú nǹkan jẹrà kò sì lè gbèrú níbẹ̀ mọ́.

Artturi Virtanen, ọmọ orílẹ̀-èdè Finland, gba ẹ̀bùn Nobel fún kẹ́místrì ní 1945, ọ̀nà tó fi ń tọ́jú oúnjẹ ẹran sì wà lára ohun tí wọ́n torí rẹ̀ fún un. Òun kò dúró de bakitéríà rárá: ásíìdì ló dà sórí koríko, koríko náà kò sì bàjẹ́. Kíkan yẹn gan-an ni olùṣọ́.

Mo ṣe tèmi, mo dé e pa, síbẹ̀ ó rùn burúkú. Kí ni mo ṣì ṣe?

Ó ṣeé ṣe kí omi ti pọ̀ jù. Ẹ gé koríko náà wẹ́wẹ́, kí ẹ fún un mọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú kan. Tí omi bá ń kán, ẹ sá a díẹ̀ ná. Tó bá tú ká lójú ẹsẹ̀ tí ẹ lawọ́, ó ti gbẹ jù. Èyí tó bá rọra ń tú ló dára.

Ó sì lè jẹ́ pé ṣúgà kò tó. Àgbàdo tí wàrà inú ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń le ní ṣúgà tó pọ̀, èèsún kò ní tó bẹ́ẹ̀. Ewé àgúnmániyè nìkan kì í tètè kan. Ẹ pò ó mọ́ nǹkan mìíràn. Èmi a máa fi èèpo ẹ̀gẹ́ gbígbẹ tí a gún kún èèsún, bíi kílò 5 sí 100.

Ṣé dandan ni ká gbẹ́ kòtò ńlá?

Rárá. Dúróòmù oníke tí ìdérí rẹ̀ le dáadáa ti tó, tàbí ọ̀rá tó nípọn tí a ki bọ inú àpò. Ẹ gé koríko kó má gùn ju sẹ̀ǹtímítà 3 lọ, kí ẹ máa kó o sí i ní ìpele-ìpele, kí ẹ fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gan-an. Tí eku bá lu ọ̀rá yẹn, ẹ tètè lẹ̀ ẹ́. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó kéré tán.

Kí ló dé tí a kò kàn sá a gbẹ?

Ìgbà tí koríko dára jù ni òjò ń rọ̀ jù.

Ṣé kíkan yẹn kò ní ṣe ẹran ní nǹkan?

Ẹran tó ń jẹ àpọ̀jẹ ni a ṣe é fún. Inú ṣàkì wọn kún fún bakitéríà tó lè lo ásíìdì yẹn. Ẹ fi díẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa fi kún un fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Èyí tó bá bu, ẹ dà á nù, ẹ má ṣà á. Sáílẹ́èjì tí iyẹ̀pẹ̀ wọ̀ tí kò sì kan dáadáa lè kó àrùn listeria ran àgùntàn: á máa yí po lójú kan, ó sì lè kú.

Ọjọ́ tí ẹ bá sì ṣí i ni afẹ́fẹ́ tún wọlé. Ẹ máa bù ú láti òkè lójoojúmọ́, kí ẹ tẹ ìyókù mọ́lẹ̀, kí ẹ dé e padà kíá. Nítorí èyí ni mo ṣe fẹ́ràn àpò kéékèèké fún ẹni tí ẹran rẹ̀ kò pọ̀: àpò tí wọ́n lè jẹ tán láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta.