Bí Yunifásítì Jámánì Ṣe Ń Ka Transcript Ẹni Tó Ń Wá Másításì

Ipò yunifásítì lágbàáyé ni ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ máa ń wò bí wọ́n bá ń wá másításì lọ sí Jámánì. Ohun tó kàn wọ́n gan-an kò sí níbẹ̀. Ẹni tó fi first class jáde nínú ẹ̀kọ́ ọrọ̀ ajé lè gba lẹ́tà ìkọ̀sílẹ̀, kí ẹni tó ní second class wọlé sí ètò kan náà. Kò sí màgòmágó níbẹ̀, ìṣirò ni.

Kọ́ọ̀sì ni ẹ̀ka tó ni ètò náà ní yunifásítì ń kà, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ètò kan lè sọ pé ECTS 20 (ECTS ni yúníìtì tí wọ́n fi ń wọn kọ́ọ̀sì ní Yúróòpù) nínú ìṣirò àti statistics ni òun fẹ́. Ọdún ẹ̀kọ́ kan jẹ́ ECTS 60. Bí ọdún kan nílé ìwé tí èèyàn ti jáde bá jẹ́ yúníìtì 40, kọ́ọ̀sì oníyúníìtì 3 di 4.5, nítorí náà ECTS 20 lé ní yúníìtì 13. Ẹni tó ní 9 péré ti já. Télọ̀ tó fẹ́ rán agbádá kì í béèrè iye tí wọ́n ra aṣọ, yáàdì mélòó ló ń béèrè. Àrán olówó gọbọi tó jẹ́ yáàdì méjì, fìlà ni yóò dà. GST, kọ́ọ̀sì gbogboogbò tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe, ńkọ́? Aṣọ lòun náà, àmọ́ àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀, kò ṣeé lẹ̀ mọ́ agbádá.

Lẹ́yìn èyí ni CGPA ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé. Láti sọ ọ́ di máàkì Jámánì, a óò yọ ọ́ kúrò nínú 5.0, a óò yọ máàkì tó kéré jù tí wọ́n fi ń yege náà kúrò nínú 5.0, a óò fi èsì kejì pín ti àkọ́kọ́, a óò sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta, ká tó fi 1 kún un. CGPA 4.0 yóò di 1.75 bí ìyege bá bẹ̀rẹ̀ láti 1.0, àmọ́ 1.86 ni bó bá jẹ́ 1.5. Ní Jámánì, 1.0 ló dára jù. Nítorí pé máàkì ìyege lè yí èsì padà báyìí, ojú ìwé tó ṣàlàyé máàkì lẹ́yìn transcript kò gbọdọ̀ sọnù.

Ní ti ọ̀rọ̀ táwọn èèyàn máa ń sọ pé "ọ̀fẹ́ ni Jámánì": másításì tí wọ́n ń pè ní konsekutiv, ìyẹn èyí tó tẹ̀ síwájú láti ara dìgírì àkọ́kọ́, ni èyí sábà máa ń bá mu. Weiterbildend, ìyẹn èyí tó wà fún àwọn tó ti ṣiṣẹ́ rí, sábà máa ń gba owó, kódà nílé ìwé ìjọba. Ìpínlẹ̀ Baden-Württemberg ń gba €1,500 ní sẹ̀mẹ́sítà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ àwọn tí kì í ṣe ọmọ Yúróòpù.

Ètò yìí ṣe déédéé ju kí wọ́n máa wo orúkọ ilé ìwé lọ. Àléébù rẹ̀ ni pé inú ìwé òfin ẹ̀ka, tí wọ́n fi èdè Jámánì kọ, ni iye ECTS sábà máa ń wà. "Related degree" nìkan ni ojú ewé Gẹ̀ẹ́sì máa ń sọ. Uni-assist, àjọ tó ń bá ọ̀pọ̀ yunifásítì gba ìwé ìbéèrè àwọn tó wá láti òkè òkun, náà kì í sábà yẹ kọ́ọ̀sì wò bẹ́ẹ̀. Bóyá ìwé pé ló ń wò, ó sì ń gba €75 fún ètò àkọ́kọ́ àti €30 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan tó bá tẹ̀ lé e. Nítorí náà, kó tó sanwó, kí èèyàn to kọ́ọ̀sì rẹ̀ àti yúníìtì wọn sínú tábìlì kan, kó fi ránṣẹ́ sí olùdámọ̀ràn ètò náà.