Àìsùn Òru Kan Kò Gba Eré Lẹ́sẹ̀ Yín

Aago mẹ́ta òru ti lù. Eré máa bẹ̀rẹ̀ láago mẹ́fà ààbọ̀, ojú yín sì là kedere. Ohun tí ọ̀pọ̀ sárésáré máa ń sọ nírú wákàtí yìí ni pé, "Ó ti bàjẹ́. Ẹni tí kò sùn, kí ló fẹ́ fi sáré?" Àwọn kan á pa aago ìdájí, wọ́n á jókòó sílé. Àwọn mìíràn á gbé oògùn oorun mì. Gbogbo wọn gbà pé oorun òru ọjọ́ kan ṣoṣo yẹn ni ara fi ń sáré. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ẹsẹ̀ fi ń sá kìlómítà 10 ni ṣúgà tí iṣan ti kó pamọ́ láti inú oúnjẹ ọjọ́ kan sí méjì sẹ́yìn, pẹ̀lú ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró tí ẹ ti fi oṣù púpọ̀ kọ́ níṣẹ́. Òru kan kò tó láti kó wọn lọ. Ọpọlọ ni àìsùn ń bá jà. Eré ìṣẹ́jú mẹ́fà sí kìlómítà kan, tó máa ń rọ̀ yín lọ́rùn, á wá dà bí ẹni ń gun òkè Olúmọ. Aago ọwọ́ á fi hàn pé ọkàn ń lù bó ṣe máa ń lù, ṣùgbọ́n ara á ní irọ́ ni. Ìdí nìyí tí ẹni tí kò sùn fi máa ń tètè juwọ́ sílẹ̀, pàápàá tí eré bá gùn. Máráthọ́nì kìlómítà 42.195 á fi ìyà rẹ̀ hàn ju kìlómítà 10 lọ.

Gbèsè oorun tó ń ṣèpalára ni èyí tó ti ń wọlé láti ọjọ́ Ajé: ẹni tó ń jáde nílé láago mẹ́rin ààbọ̀ nítorí gosílóò, tó ń padà dé láago mẹ́sàn-án alẹ́, tí kò sùn ju wákàtí mẹ́rin lọ. Kò sí bí ẹ ṣe lè fi oorun alẹ́ kan san èyí. Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú eré ni kí ẹ ti máa fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan kún oorun alaalẹ́. Ẹ má mu kọfí lẹ́yìn aago méjì ọ̀sán, nítorí lẹ́yìn nǹkan bí wákàtí márùn-ún, ìdajì kaféènì rẹ̀, èròjà tó ń lé oorun, ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n máa ń sá máráthọ́nì Èkó, èyí tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2016, tó ń gba orí afárá Third Mainland kọjá. Alẹ́ Jímọ̀ sì rèé, òun ni alẹ́ ìṣọ́ òru: gbohùngbohùn ṣọ́ọ̀ṣì lápá ọ̀tún, jẹnẹrétọ̀ lápá òsì. Nítorí náà, alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni kí ẹ dáàbò bò. Tó bá di ọ̀sán Jímọ̀, ẹ rẹjú fún ogún ìṣẹ́jú, tàbí kí ẹ sùn wákàtí kan ààbọ̀ gbáko. Ẹni tó bá jí láàárín méjèèjì sábà máa ń jí pẹ̀lú orí wíwúwo. Lálẹ́, tí oorun bá kọ̀, ẹ yí ojú aago sí ògiri, kí ẹ kàn dùbúlẹ̀, kí ẹ pa ojú dé. Ìsinmi nìyẹn náà.

Ohun tí ìbẹ̀rù àìsùn ń mú àwọn sárésáré ṣe ló ń ba eré jẹ́. Valium tí àwọn kan ń gbé mì kí wọ́n lè sùn lè wà lára ju ọjọ́ kan lọ, ẹsẹ̀ á sì máa gbọ̀n lówùúrọ̀. Ọtí máa ń tètè gbé èèyàn sùn, ṣùgbọ́n á jí i láago méjì pẹ̀lú ìtọ̀ àti òùngbẹ. Tramadol tí àwọn kan ń pè ní oògùn agbára kò fún iṣan ní agbára kankan. Ìrora ló ń bò mọ́lẹ̀, ó sì lè fa òòyì, èébì àti gìrì. Láti January 1, 2024 ni wọ́n ti fòfin dè é fún ẹni tó bá ń kópa nínú ìdíje.

Kaféènì nìkan ló ń ṣèrànwọ́ gidi: mílígíráàmù mẹ́ta sí kílò ara kan, ní bíi wákàtí kan ṣáájú eré. Ẹni kílò 60 á nílò 180, èyí tó jẹ́ bí ife kọfí oníyẹ̀fun méjì sí mẹ́ta. Obì náà ní kaféènì, ṣùgbọ́n ẹ ò lè mọ iye tí awẹ́ kan gbé. Orógbó ò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Kíkorò rẹ̀ ló ń tan èèyàn. Ohunkóhun tí ẹ kò bá tíì dán wò níbi ìdánrawò, ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ eré.

Láago mẹ́rin, ẹ jẹ búrẹ́dì pẹ̀lú tíì, tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ méjì. Ẹ fi ẹ̀wà sílẹ̀. Láago mẹ́rin ààbọ̀, ẹ mu píọ̀ wọ́tà kan. Ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá rọra sáré kí ara gbóná. Bó bá jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́fà ni ẹ fi ń sá kìlómítà kan, ẹ sá ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú méjì àkọ́kọ́ ní ìṣẹ́jú mẹ́fà àti ìṣẹ́jú àáyá 15. Ẹ wo aago, ẹ má tẹ̀ lé bí ó ṣe ń ṣe yín. Tó bá di kìlómítà karùn-ún tí ẹ ṣì lè sọ gbólóhùn kan tán láìmí gúlegúle, ẹ lè fi kún un.

Ibà, ìgbẹ́ gbuuru tàbí àyà dídùn jẹ́ ìdí láti jókòó sílé, bí ẹ tilẹ̀ sun wákàtí mẹ́wàá. Ewu àìsùn tó tóbi jù kò sì sí lójú ọ̀nà eré rárá. Ẹni tí kò sùn fún wákàtí 24 ń wakọ̀ bí ẹni tí ọtí ń pa ni. Kí ẹlòmíràn gbé yín lọ, kí ó sì gbé yín padà. Bí kò bá sí ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ wọ ọkọ̀ èrò.